Má Gé Ìbọ̀wọ́ Rẹ Nítorí Rílì

Ojúlé wa, Ọ̀tà,
Ọjọ́ Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun àsárì.

Àríkẹ́ mi,

Má tíì tú ẹrù tí Mùfútáù gbé wá fún ọ yìí. Lẹ́tà ni kí o kọ́kọ́ kà, kí o sì kà á tán. Mo mọ̀ ọ́, mo mọ ọwọ́ rẹ. O ti ń wo kókó okùn tó wà lórí ẹrù náà, ọwọ́ ti ń yún ọ. Gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Mo ti kìlọ̀ fún Mùfútáù pé lẹ́tà ni kó kọ́kọ́ fún ọ kó tó gbé ẹrù sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ bí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yẹn ṣe máa ń gbàgbé nǹkan.

Ara wa le níbí, a dúpẹ́. Bàbá rẹ kí ọ, ó ní kí o máa wọ ṣòkòtò méjì pọ̀ nínú òtútù yẹn. Inú gbogbo wa dùn sí iṣẹ́ tuntun tí o rí. Nígbà tí mo sọ fún àwọn ará àdúgbò pé ọmọ mi ti di òmùwẹ̀ ní Skọ́tílándì, pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa lọ sísàlẹ̀ omi láti yẹ àwọ̀n oko ẹja wò bóyá ó ti ya, wọ́n rò pé mo ń ṣàwàdà. Ìyá tó wà ní ojúlé kejì bi mí pé ṣé torí èyí la ṣe rán ọ lọ sí yunifásítì. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, torí rẹ̀ gan-an ni. Inú mi dùn púpọ̀, Àríkẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí pẹ̀lú, n kò ní purọ́ fún ọ.

Ohùn tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi lọ́jọ́ Àìkú ló fa lẹ́tà yìí. O fi fọ́tò rílì méjì ránṣẹ́, o ní, "Mọ́mì, ẹ bá mi wò ó, ẹ̀yin lẹ kúkú mọ̀ nípa okùn. Ọ̀gá wa ní kí kálukú lọ ra rílì tó bá wù ú, èyí tí a á máa fi tú okùn lẹ́yìn ara wa lábẹ́ omi ká lè mọ̀nà padà. Èyí pupa yẹn ló wù mí. Ó fáìnì, ó kéré, á wọ àpò mi. Ihò ẹ̀ ni ò fi bẹ́ẹ̀ gba ìka mi tí mo bá ti wọ gílọ́ọ̀fù, torí gílọ́ọ̀fù omi tútù yìí nípọn gan-an. Àmọ́ kò sí wàhálà, àwọn kan níbí máa ń gé orí àtàńpàkò àti ìka ìkejì gílọ́ọ̀fù tiwọn. Èmi náà á gé tèmi."

Mo gbọ́ ohùn yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹta, mo jókòó sórí àpótí nínú ilé ìdáná, mi ò mọ ìgbà tí ọbẹ̀ jóná. Bàbá rẹ ní kí n pè ọ́. Mo ní rárá. Tí mo bá pè ọ́, wàá ní, "Ẹ má wọ́rì, Mọ́mì," wàá sì ní wọ́n ń pè ọ́ níbi iṣẹ́. A kì í gé ọ̀rọ̀ mọ́ lẹ́tà lẹ́nu, kò sì ṣe é pa bí fóònù.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ fún kò ju ẹyọ kan ṣoṣo lọ. Má gé ìbọ̀wọ́ rẹ. Wá rílì tó gba ìbọ̀wọ́ náà bó ṣe wà. O ní ọjọ́ Àtìní lẹ máa kọ́kọ́ wọ omi tútù, pé nínú omi ilé-ẹ̀kọ́ tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́ lẹ ti ń kọ́ ọ láti ìgbà yìí wá. Ọ̀la ni Mùfútáù ń wọ bàlúù, á gbé ẹrù yìí dé ọ̀dọ̀ rẹ ní Àbámẹ́ta. Nítorí náà, àyè ṣì wà fún ọ láti lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Bí o bá ti ra pupa yẹn, dá a padà.

Jẹ́ kí n wá sọ ohun tí mo mọ̀ fún ọ, àti bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

O mọ̀ pé ilé iṣẹ́ okùn ni mo wà kí n tó bí ọ, níbí ní Ọ̀tà, mo sì wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀. Okùn tí àwọn apẹja fi ń ṣe àwọ̀n ni à ń ṣe. Iṣẹ́ tiwa nínú gbọ̀ngàn ìkákùn ni pé kí á máa ká okùn láti ara ẹ̀rọ sórí rílì. Okùn náà ń sáré, ó sì máa ń jó ènìyàn lọ́wọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fún wa ní ìbọ̀wọ́ aláwọ nínípọn. Ṣùgbọ́n rílì tí wọ́n ń kó fún wa nígbà yẹn kéré. Ihò àárín rẹ̀ kò gba ìka tó wọ ìbọ̀wọ́. Etí rẹ̀ kò ga. Orí okùn á sá lọ sábẹ́ okùn yòókù, wàá máa fi ìbọ̀wọ́ họ ọ́, o kò ní rí i. Àfi kí o bọ́ ìbọ̀wọ́, kí o wá orí okùn, kí o tún ìbọ̀wọ́ wọ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀gá ń wo aago lẹ́yìn rẹ.

Àwọn obìnrin tí a bá níbẹ̀ ti wá ọgbọ́n sí i. Ọjọ́ tí ènìyàn bá kọ́kọ́ dé, ẹni tó pẹ́ jù nídìí ẹ̀rọ yín ni yóò mú sísọ́ọ̀sì, yóò gé orí àtàńpàkò àti orí ìka ìlábẹ̀ ìbọ̀wọ́ rẹ. Wọ́n ń pè é ní ìlajú. "A ti la ojú ìbọ̀wọ́ ẹ o!" Wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á ra búrẹ́dì àti mílíìkì fún ọ, o di ọmọ ilé nìyẹn. Ẹni tí wọn kò tíì la ojú ìbọ̀wọ́ rẹ̀, àlejò ṣì ni. Nígbà tí wọ́n ṣe tèmi, inú mi dùn débi pé mo gbé ìbọ̀wọ́ náà wálé wá fi han bàbá rẹ. Ó bi mí pé kí ni wọ́n fún wa ní ìbọ̀wọ́ fún tí a ó bá gé e. Mo ní kò mọ nǹkan kan.

Nígbà tó yá, èmi ni mo di ẹni tó pẹ́ jù nídìí ẹ̀rọ wa. Sísọ́ọ̀sì wá sọ́wọ́ mi. Mo gé ti ẹni tí mo gé, mi ò tilẹ̀ ka iye wọn.

Ó wá di ọjọ́ kan, ọmọbìnrin kan dé láti Ìgbẹ́sà, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ojú ń tì í. Mo na ọwọ́, mo ní kó gbé ìbọ̀wọ́ wá. Ó gbé e sẹ́yìn.

Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi tèmi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ mi máa ń tètè bó."

Mo ní, "Ṣé ìwọ nìkan lo ní ọwọ́ níbí ni? Gbé e wá, jàre."

Ọkùnrin kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù kọjá ní, "Madam, leave am now. No be by force." Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Mo gba ìbọ̀wọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo gé e. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gba búrẹ́dì lọ́wọ́ mi, ó ní ẹ ṣé, Àǹtí.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí. Orí okùn sá, ó fi ìka tó wà ní ìhòòhò wá a nígbà tí ẹ̀rọ ṣì ń yí, okùn lọ́ mọ́ ọn lórí ìka, ó fún. Ìbá jẹ́ pé ìbọ̀wọ́ náà wà ní odindi, okùn ìbá mú awọ, ìbọ̀wọ́ á bọ́, ọwọ́ á jáde. Igbe rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Kí wọ́n tó pa ẹ̀rọ, oríkèé àkọ́kọ́ ìka ìlábẹ̀ rẹ̀ ti lọ.

O mọ ọmọbìnrin náà dáadáa. Àǹtí Bọ̀sẹ̀ ni.

Àǹtí Bọ̀sẹ̀ tó máa ń di irun fún ọ ní gbogbo Sátidé. Ìwọ lo bi í nígbà tí o wà ní kékeré pé níbo ni orí ìka rẹ̀ lọ, ó sì dá ọ lóhùn pé ẹja kan ló bù ú jẹ lódò. O bú sẹ́kún. O ní tí o bá dàgbà, ìwọ á wọ inú omi lọ bá a wá a. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ọmọ mi, mo wà níbẹ̀, mi ò sì sọ nǹkan kan. Láti ọjọ́ yẹn lọ̀rọ̀ ẹja ti wọ̀ ọ́ lórí, títí o fi lọ kọ́ ọ ní yunifásítì, títí o fi dé ibi tí o wà lónìí.

Kò sí ẹja kankan. Sísọ́ọ̀sì ọwọ́ mi ni.

Nígbà tí àwọn ọ̀gá pè wá pé ta ló ń gé ìbọ̀wọ́, mo ní bí a ṣe bá a nìyẹn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n mi ò sọ pé èmi ni. Bọ̀sẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú báńdéèjì lọ́wọ́, kò dárúkọ mi. Kò tíì fi bú mi rí títí di òní, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí jù. Ọ̀rẹ́ ni wá báyìí, ó sún mọ́ mi ju àbúrò lọ, síbẹ̀ tí mo bá rí i tó ń fi ìka yẹn mú abẹ́rẹ́, mo máa ń gbé ojú kúrò.

Ohun tí mo fẹ́ kí o gbọ́ nìyí, torí ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ pẹ́ kó tó yé mi. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, wọ́n kó rílì tuntun dé. Ihò rẹ̀ fẹ̀, etí rẹ̀ ga, ó ní ibi tí orí okùn ti ń há sí. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kò sẹ́ni tó gé ìbọ̀wọ́ mọ́. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ. Kò kàn wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́ ni. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ìbọ̀wọ́ kò jẹ̀bi nǹkan kan. Rílì ló kéré, àwa wá lọ ń fìyà jẹ ìbọ̀wọ́. Tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ níbẹ̀ pé bí gbogbo àwọn ṣe ń ṣe é nìyẹn, rántí pé gbogbo àwa náà là ń ṣe é.

Ó dáa. Jẹ́ kí a wá sọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù.

Èkíní, gbé ìbọ̀wọ́ rẹ lọ síbẹ̀, àti èyí tí ẹ máa ń wọ̀ sínú rẹ̀ tí ó bá wà. Wọ̀ ọ́ níbẹ̀ lójú ẹni tó ń tajà. Tí ó bá ń wò ọ́, jẹ́ kó máa wò. Ti ìka rẹ bọ ihò àárín rílì kí o sì jẹ́ kó yí. Ó gbọ́dọ̀ yí láìdúró, kí ìka rẹ sì jáde láìjẹ́ pé o fi ọwọ́ kejì fà á. Tí ó bá mú ìbọ̀wọ́ rẹ pẹ́nrẹ́n, gbé e padà sórí káńtà. Dúdú ńlá tí o fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́, èyí tí o ní ó rí wúruwùru, ihò rẹ̀ fẹ̀. Mo fi ojú wọ̀n ọ́n lára àtàńpàkò rẹ nínú fọ́tò. Òun ló wù mí. Kò ní wọ àpò rẹ, ó dáa, fi kọ́ ìdí. Ẹja kò ní bi ọ́ léèrè ẹwà.

Èyí tó ní ọwọ́ tí a fi ń yí i, tí wọ́n fi àpótí bò, tí o ní àwọn àgbà níbẹ̀ ń lò fún ọ̀nà tó jìn, fi sílẹ̀ ná. Ibi tí nǹkan bá pọ̀ lára rẹ̀, ibẹ̀ ni okùn ń há sí. Kọ́kọ́ mọ èyí tí kò lọ́wọ́ lò.

Mo mọ̀ pé wàá ní, "Mọ́mì ò wọ omi rí, kí ni wọ́n mọ̀?" A dán an wò ni. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo lọ sábẹ́ bíríjì Ṣàngó, mo ra ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó nípọn jù, irú èyí tí àwọn tó ń gbé páálí ẹja nínú ilé yìnyín máa ń wọ̀. Mo ra méjì méjì kí a lè wọ̀ wọ́n lé ara wọn. Mo gba yìnyín lọ́dọ̀ ẹlẹ́ja, mo dà á sínú bàsíà ìfọṣọ pẹ̀lú omi, mo ránṣẹ́ pe Àǹtí Bọ̀sẹ̀. Ó dé, ó rí èmi àgbàlagbà tí mo ki apá bọ bàsíà yìnyín ní ọ̀sán gangan, tí mo di ojú.

Ó ní, "Ìyá Àríkẹ́, ṣé ara yín yá ṣá?"

Mo ní kó jókòó, mo jẹ́ kó gbọ́ ohùn rẹ lórí fóònù. Ó gbọ́ ọ tán. Ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè, ó wọ ìbọ̀wọ́ méjì, ó ki ọwọ́ tirẹ̀ náà bọ̀ ọ́.

A ní rílì àtijọ́ kékeré kan nílé tí mo fi ń tọ́jú òwú, a sì ní ọ̀kan nínú àwọn ńlá tí wọ́n kó dé gbẹ̀yìn. Méjèèjì la gbé sínú omi. Kékeré yẹn bọ́ lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mẹrin. Bọ̀sẹ̀ bọ́ ìbọ̀wọ́ méjèèjì kúrò ní ọwọ́ kan kó lè dà bí èyí tí o fẹ́ gé, ó fi ọwọ́ lásán wá orí okùn nínú yìnyín. Ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ó rí i kíákíá, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Kó tó pẹ́, ó ní, "Mi ò mọ ibi tí ìka mi wà mọ́ o. Mo rò pé okùn ni mo dì mú." Èmi tí mo lajú ń wò ó: ìka ara rẹ̀ ló dì mú. Àríkẹ́, ìka tí o fẹ́ yọ síta kó lè máa mọ nǹkan, òun gan-an ni òtútù máa kọ́kọ́ pa. Ìka tó ti kú kò ní mọ̀ pé okùn ti lọ́ mọ́ òun. Bọ̀sẹ̀ fi ọwọ́ sábẹ́ apá fún ìgbà pípẹ́ kó tó padà sípò, a sì wà nínú oòrùn Ọ̀tà.

Rílì ńlá, a ká a tán, a tú u tán, ìbọ̀wọ́ wà lọ́wọ́ wa, ojú wa wà ní dídì. Ó falẹ̀, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n kò bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kankan.

Èkejì ni etí rílì. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, mo fẹ́ràn kí wọ́n máa yìn mí pé tèmi ló ń kún jù. Màá ká okùn títí yóò fi bá etí dọ́gba, nígbà mìíì yóò tilẹ̀ ga jù ú lọ. Ọ̀gá yìn mí títí, àfi ọjọ́ tí okùn yọ̀ kúrò lórí ọ̀kan tó sì dì mọ́ gbogbo èyí tó wà nínú apẹ̀rẹ̀. Odindi ọjọ́ kan ni mo fi tú u. Mo sunkún. Lórí ilẹ̀ nìyẹn o, tí mo ń mí fàlàlà. Fi àyè tó fẹ̀ tó ìka kan sílẹ̀ láàárín okùn àti etí rílì. Tí ṣọ́ọ̀bù bá ti ká a kún fún ọ, dín in kù. Kò sẹ́ni tó máa yìn ọ́ lábẹ́ omi.

Okùn fúnra rẹ̀ ńkọ́? Gba èyí tó nípọn. Wọ́n á sọ fún ọ pé tín-ín-rín máa gùn jù lórí rílì kan náà. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ìbọ̀wọ́ kì í mọ̀ ọ́n lára, ó sì máa ń tètè di kókó. O sọ fún mi pé omi ibẹ̀ lè dúdú débi pé ènìyàn ò ní rí ọwọ́ ara rẹ̀. Ìgbà yẹn, okùn yẹn nìkan ni ọ̀nà ilé, ó sì yẹ kí o lè dì í mú kí o mọ̀ pé o dì í mú. Kí ó jẹ́ funfun tàbí aláwọ̀ ọsàn, má gba dúdú torí pé ó bá aṣọ rẹ mu. Kí o sì rí i pé ojóbó tó wà ní ìparí rẹ̀ gba gbogbo àtẹ́lẹwọ́ rẹ pẹ̀lú ìbọ̀wọ́, kì í ṣe ìka kan.

Ní ti ìkọ́ irin tó wà lára rílì, èyí tí wàá fi gbé e kọ́ ìdí, Bọ̀sẹ̀ ló ní kí n kọ èyí. Ibi tí a ti ń fi àtàńpàkò fà á kó tó ṣí gbọ́dọ̀ tóbi. Ó ní kí o fi ìbọ̀wọ́ ṣí i lẹ́ẹ̀mẹ́wàá níbẹ̀ kí o tó kúrò. Tí ó bá kọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, kí o gba òmíràn.

Lẹ́yìn tí o bá rà á, má gbé e pamọ́. Gbọ̀ngàn tí a ti ń ṣiṣẹ́ kò ní fèrèsé. Tí iná bá lọ, ọ̀sán á dúdú lójijì, ẹ̀rọ á sì máa yí lọ díẹ̀ kó tó dúró. Àwọn tó ti mọ rílì wọn láìfi ojú wò ó á dúró jẹ́ẹ́, wọ́n á fi ọwọ́ wá ibi tí ó yẹ. Àwa tí a gbójú lé ojú á máa pariwo. Nítorí náà, jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ, wọ ìbọ̀wọ́, di ojú rẹ, kí o máa tú u kí o sì máa ká a. Ṣe é lónìí, ṣe é lọ́la, títí yóò fi sú ọ. Tí ó bá ti sú ọ, ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ ọ lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ yòókù kì í ṣe ti rílì.

Sọ fún ọ̀gá rẹ tí ọwọ́ rẹ bá ń kú. Èmi, ojú tì mí láti sọ fún ọ̀gá wa pé rílì kéré, mo rò pé wọ́n á ní mi ò mọ iṣẹ́. Gbogbo wa la rò bẹ́ẹ̀, gbogbo wa la dákẹ́, a ń gé ìbọ̀wọ́. Ìbá jẹ́ pé ẹnì kan sọ̀rọ̀, bóyá rílì ńlá ìbá ti dé kí Bọ̀sẹ̀ tó dé. Tí o bá wà nísàlẹ̀ tí o kò mọ ìka rẹ mọ́, fi ọwọ́ ṣàpèjúwe fún ẹnìkejì rẹ, kí ẹ máa gòkè bọ̀. Àwọ̀n tó ya lónìí á ṣì wà ní yíya lọ́la.

Àti pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ìwọ náà á di ẹni tó pẹ́ jù níbẹ̀. Ẹni tuntun á dé, ẹ̀rù á máa bà á, á máa wo ọwọ́ rẹ. Má ṣe fún un ní ohun tí wọ́n fún ọ kìkì torí pé wọ́n fún ọ. Tí ó bá sì ní òun ò fẹ́, gbọ́ ọ.

Ó ti ń rẹ̀ mí lọ́wọ́. Nínú ẹrù yìí, wàá rí gààrí díẹ̀, ata gígún, ìbọ̀sẹ̀ tí bàbá rẹ rà, àti rílì ńlá àtijọ́ yẹn. Má gbé rílì náà wọ omi o, ti ilé iṣẹ́ okùn ni, kì í ṣe ti òmùwẹ̀. Gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kí o fi ihò rẹ̀ wọn tiwọn, kí o sì máa fi dánra wò lórí bẹ́ẹ̀dì. Bọ̀sẹ̀ ló ká okùn sórí rẹ̀. Ó fi àyè ìka kan sílẹ̀.

Òun náà ló ta kókó tó wà lórí ẹrù. Ó wọ ìbọ̀wọ́ méjèèjì ta á, odindi ìbọ̀wọ́, níwájú mi. Nítorí náà, lọ wọ tìrẹ báyìí, kí o tó fọwọ́ kàn án. Mo fẹ́ kí o fi ìbọ̀wọ́ tú u. Yóò pẹ́, inú lè bí ọ, wàá fẹ́ bọ́ ọ. Má bọ́ ọ.

Nígbà tó ta á tán, mo sọ fún un pé mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sínú lẹ́tà, ti sísọ́ọ̀sì àti ti ẹja. Mo bẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀bẹ̀ tó yẹ kí n ti bẹ̀ ẹ́ ní ọjọ́ tó ti pẹ́. Ó wo ìka rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀. Iṣẹ́ tó rán mi sí ọ nìyí, mo kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́:

"Ẹ sọ fún Àríkẹ́ pé kó má wá ìka mi lábẹ́ omi mọ́. Kó tọ́jú tiẹ̀."

Èmi ni,
Ìyá rẹ.